Dísìkì Tí Ìyàwó Mi Fi Òrí Pa

Orí mi yìí ni mo fi ru ẹ̀rọ dísìkì láti Ìbàdàn wá sí Ìkàrẹ́, mi ò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà ga dé ìbàdí mi, ó wúwo ju màlúù méjì lọ. Nígbà tí mo dé Ọ̀wọ̀, ìdúró ni mo jẹ ẹ̀bà, ẹ̀rọ wà lórí mi. Nígbà tí mo ń gun òkè Ọ̀kà, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú sójú ọ̀nà rí mi, ojú tì í, ó sì ṣáná fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo àárín orí mi. Kò sí irun níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí jẹ́ ná, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé inú fóònù ni wọ́n bí kọ̀ǹpútà sí. Ìwé márùn-ún ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ fíríìjì. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ kan gbà mí pé kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá kọ̀ǹpútà wọn, torí kọ̀ǹpútà ìgbà náà kórìíra ooru bí ọlọ́rọ̀. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ rántí, orí dísìkì ló ń kọ ọ́ sí. Dísìkì ọ̀hún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sápò. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ni, aláwọ̀ ilẹ̀ pupa, tí wọ́n to sórí ọ̀pá kan, tí àlàfo wà láàárín wọn, tí wọ́n wá fi ike ńlá dé mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá dé kéèkì. Ẹ ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ ó ṣí ike náà kúrò, mọ́tò á máa fi wọ́n yí bí òòyì, àwọn abẹ́rẹ́ á wá wọ àárín àwo lọ máa ka ohun tó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kì í fara kan àwo o. Atẹ́gùn ló ń gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó irun orí. Bí eruku bá bọ́ síbẹ̀, ó parí. Abẹ́rẹ́ á ha àwo, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ á di ìyẹ̀fun.

Ará Ọ̀kà kan ló ń bá wọn darí kọ̀ǹpútà náà. Òun kàwé, èmi mọ bí a ṣe ń mú yàrá tutù, ara wa la sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà títí di òní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ẹ̀rọ náà dà nù, mo tọrọ ọ̀kan pẹ̀lú dísìkì méjì. Ohun tí mo rò ni pé mọ́tò inú rẹ̀ á lè lọ ata. Kò lọ ata. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ló wà láti ìgbà náà, adìẹ ìyàwó mi ń yé sínú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ kan báyìí ni ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀kà yìí gun ọ̀kadà wá bá mi. Ojú rẹ̀ kan ti lọ pátápátá, èyí tó kù náà ti funfun bí omi ògì. Dókítà ní àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá òun wà nínú ọ̀kan nínú àwọn dísìkì tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo rò pé orí ti dà á rú. Kò dà á rú. Ìyá rẹ̀ kò jókòó fún onífọ́tò rí láyé, ó ní òun kò ráyè ìjókòó. Lẹ́yìn tí ìyá kú, tí iṣẹ́ bá dilẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ mi máa ń fi lẹ́tà ya ojú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe rántí rẹ̀. Ibi tó bá dúdú, á fi M kún un. Ibi tó bá mọ́lẹ̀, á fi àmì ìdánudúró síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó gbé e kọ́ sára ògiri ilé ní Ọ̀kà, ikán jẹ ẹ́ tán.

“Ojú kan ṣoṣo ló kù mí lọ́wọ́,” ó wí. “Bí wọ́n bá fẹ́ bà á jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n ti rí ìyá mi ná.”

Mo lé adìẹ jáde.

Ìyà tó jẹ mí lórí ẹ̀rọ yẹn, ọ̀tá mi kò ní jẹ irú rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ kún inú ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Bẹ́líìtì mọ́tò ti gan bí pọ̀nmọ́ tí kò jinná. Kànrìnkàn tó ń sẹ́ eruku ti di lẹ́búlẹ́bú, mo wá gé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí i. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun fi pátákó kékeré oníwáyà kan ránṣẹ́, tó máa ń gba ohun tí ẹ̀rọ bá kà lọ sínú láptọ́ọ̀pù. Iná ìjọba kò lágbára tó, mo lọ bẹ wẹ́ldà kí ó yá wa ní jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ará Ọ̀kà jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ.

A kọ́kọ́ fẹ́ fi dísìkì kejì, èyí tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, dán ẹ̀rọ wò. Dísìkì yẹn kò ní ìdérí mọ́, ìyàwó mi ti fi ike rẹ̀ ń dé iyán láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi sípírítì nù ún. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ni òun kọ́ iṣẹ́ náà, òun ni òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tó ń rí mi bí ìkùukùu ló fi ń wá eruku. Ó ní ó mọ́. A tan ẹ̀rọ, ó ń yí, abẹ́rẹ́ wọlé, mo sì gbọ́ igbe kan bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí n tó paná, àwo kan ti bó yípo.

“Ìwọ lo kò nù ún dáadáa,” ó wí.

“Ìwọ lo ní ó mọ́!”

“Ṣé ìwọ kò mọ̀ pé mi ò ríran ni?”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo wọlé lọ mu omi kí n má baà lu àgbàlagbà.

A fi abẹ́rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú pátákó yẹn pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́. Mo ká aṣọ tó tutù mọ́ ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kí eruku ọyẹ́ má wọlé. Ìgbà yẹn ni mo wá lọ gbé dísìkì ìyá rẹ̀ jáde. Ìdérí tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, mo ní a dúpẹ́. Mo ṣí i. Ó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Òrí ni.

Mo pe ìyàwó mi. Ó jáde, kò yára.

“Ọyẹ́ ni, Alhájì,” ó wí. Alhájì ló máa ń pè mí bí mo bá ń bínú, mi ò sì dé Mẹ́kà rí. “Ara rẹ̀ gbẹ. Mo ní kó má lọ là. Ọdọọdún ni mo ń fi òrí pa á.”

“Dísìkì ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ.”

“Ó dáa. Èwo ló ti là nínú rẹ̀ látìgbà yẹn?”

Ọ̀rẹ́ mi di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú. Èmi tí mo ti ń gbaná jẹ láti àárọ̀, gbogbo ìbínú mi tutù nígbà tí mo rí ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, apá ibo lẹ fi òrí náà pa?”

“Òkè ni. Ọwọ́ mi kò wọ àárín.”

Ará Ọ̀kà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwo òkè yẹn, ìdáàbòbò lásán ni, wọn kì í kọ nǹkan kan sí i. Nítorí pé òrí máa ń dì nínú ọyẹ́, kò ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Mo nù ún títí apá fi ń ro mí. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. A jẹ́ kí ó máa yí fún ìgbà pípẹ́, kí atẹ́gùn gbá eruku tó bá kù dànù, kí a tó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọlé. Mo ní bísímílà, òun ń pe Jésù. Kò sí igbe. Iná kékeré ń ṣẹ́jú, láptọ́ọ̀pù ń gba nǹkan sínú.

Àwòrán jáde. M ni mo rí, M àti àmì ìdánudúró, bí ebè iṣu lóko. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi sún mọ́ ọn. Ó ní rárá, kí n gbé e jìnnà. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ojú kan tó funfun yẹn wò ó, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá mi nìyẹn,” ó wí. “Ó ń wò mí bí ìgbà tí mo bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ tó rán mi.”

“Níbo? M ni mo ń rí.”

“Bọ́ jígí ojú rẹ.”

Mo bọ́ ọ, mo sì rí obìnrin kan tó wé gèlè, tí imú rẹ̀ dà bí ti ọmọ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó tún bi mí nípa imú náà.

Ó lọ ṣiṣẹ́ abẹ, ó yọrí sí rere. Ẹ ò ní gbà pé lọ́sẹ̀ tó lè ríran dáadáa ló tún gbé láptọ́ọ̀pù náà gun ọ̀kadà wá bínú sí mi. Ó ní òun ṣí láptọ́ọ̀pù, M ni òun rí, ó ní mo ti fọwọ́ kan nǹkan. Mo ní kí ó di ojú díẹ̀, kí ó jìnnà sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, kò tọrọ àforíjì.

Èmi kò fi orí ru ẹ̀rọ kankan. Ọkọ̀ tó wá kó kòkó ló bá mi gbé e, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo sùn sí títí a fi dé Ìkàrẹ́. Irun orí mi, ọjọ́ ogbó ló kó o lọ. Obìnrin tí mo ní mo rí nígbà tí mo bọ́ jígí, irọ́ ni ìyẹn náà. M tó rí wúruwùru ni mo rí. Gèlè àti imú, èmi ni mo dá wọn sílẹ̀. Ìyókù ṣẹlẹ̀, títí kan òrí.