Òrí Tó Dì Sínú Páìpù

Mo ń nu gíláàsì fèrèsé pálọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku ọyẹ́ sì ti sọ omi inú garawa mi di pupa, nígbà tí ìyàwó ilé pè mí láti òkè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, nínú ẹ́sítéètì kan ní Lokogoma, mo sì ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́fà. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń lò, ó mú ìgò áásìdì kan dání.

"Ìyá Báyọ̀, síǹkì yìí tún ti dí. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i."

Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín oṣù kan. Pọ́lọ́ńbà ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi wáyà gígùn gún un, omi lọ, kò sì pẹ́ tó tún dúró. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó kángun sí bálùwẹ̀ náà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìtọ́jú ojú ló gbé e wá sí Àbújá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Ti òsì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

"Mo ti bá awakọ̀ èrò Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀," ni Màmá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọ̀la ni n ó máa lọ. Kò sí síǹkì nílé tèmi tí n ó máa dí pa."

"Màmá, ta ló sọ pé ẹ̀yin lẹ dí i?"

"Ta ló tún ń lò ó?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Màmá bá fi lè dé ilé, kò ní padà wá nítorí ojú òsì yẹn mọ́. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ ìyàwó ilé, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láàyè di ìrọ̀lẹ́. Ó gbà, ó lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé ìgò náà tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ní ohun tó mú mi sá fún áásìdì. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ́tótó, ní ilé àlejò kan ní Life Camp, mo dà á sí síǹkì tó dí, mo tún da omi híhó lé e kó lè yá. Èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Páìpù oníke náà rọ̀, ó là, omi sì jò sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi, obìnrin ará Kàbà kan tí kì í pariwo, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Kí ló dí i?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "O wá lo oògùn fún àìsàn tí o kò mọ̀."

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sábẹ́ síǹkì Màmá. Páìpù máa ń ká bí orúnkún níbẹ̀, kí omi díẹ̀ lè dúró sínú rẹ̀, kí òórùn má bàa gòkè. Tíráàpù ni àwọn pọ́lọ́ńbà ń pè é. Mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ tú u. N kò bá irun, n kò bá iyanrìn. Ohun funfun kan tó le bí àbẹ́là ni mo bá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òrí ni.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Màmá ń fi òrí pa ara láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń fi omi tútù ṣan ọwọ́ rẹ̀ sí síǹkì. Omi tútù ló ń mú un dì. Wáyà pọ́lọ́ńbà kàn ń lu ihò sáàárín rẹ̀ ni, ihò náà á sì tún padé.

Mo fi igi ha inú tíráàpù, mo fi àkísà nù ún, mo dá a padà. Èyí tó wọ inú ògiri lọ ni ọwọ́ kò lè dé. Mo gbé omi kaná, n kò jẹ́ kó hó, nítorí páìpù oníke. Mo po ẹ̀kúnwọ́ kaun kan mọ́ ọn, kaun tí a fi ń se ẹ̀wà, mo rọra dà á sí i. Mo dúró fún ìdajì wákàtí, mo wá da omi gbígbóná lásán tẹ̀lé e. Àwọn kan máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ó ń pa òórùn lóòótọ́, ó sì ń hó bí ọṣẹ, ṣùgbọ́n híhó yẹn kọ́ ló ń ṣí páìpù. Ooru àti kaun ni. Lẹ́ẹ̀kẹta tí mo dà á, omi pòyì, ó sì lọ.

Ó ku bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo gbé díẹ̀ lára ohun tí mo ha sórí tíṣù, mo gbé e lọ bá Màmá.

"Òrí yín nìyí, mà."

Ó gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún. "Èmi náà ni ṣá."

"Ọyẹ́ ni, Màmá. Bó ṣe ń dì nínú ike yín ló ń dì nínú páìpù. Ẹ kọ́kọ́ máa fi tíṣù nu ọwọ́ yín, kí ẹ tó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án. Èmi á máa da omi kaun sí i ní ọjọ́ Ẹtì."

"Tíṣù lásán?"

"Tíṣù lásán, mà."

"Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé wáyà kiri yẹn kò sì lè sọ ọ́."

Ó dìde, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó dúró tì í, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tì í. Ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi, nítorí kò tíì lè ka nọ́ḿbà orí rẹ̀.

"Bá mi pe awakọ̀ yẹn. Ní kó wá ẹlòmíì fi sí àyè mi lọ́la. Tó bá bèèrè ìdí, sọ pé ojú ni. Má dárúkọ síǹkì."