Ọ̀nà Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe ní Ìsọlọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjọ́ pípẹ́ ti mú un rọ̀.

Nígbà tí owó epo ń wọlé bí òjò, tí àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ níwájú èbúté Àpápá, ìjọba ń kọ́ ilé sí ẹ̀yìn Ìsọlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà tó ti Èkìtì wá, gba fọ́ọ̀mù. Yàrá kan ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń gbé ní Mafoluku, níbi tó jẹ́ pé bí bàálù bá ń balẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́ títí bàálù náà á fi kọjá. Wọ́n ní ilé á parí kí ọyẹ́ tó dé. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Wọ́n ní kò sí sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì dé, wọ́n ní kò sí irin. Òjò ọdún méjì rọ̀ sínú ilé tí kò ní òrùlé.

"Ilé náà ti mumi yó," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí, "ó ku kó jẹun."

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé. Ojú ìwé kan ni. Ó ní ilé ti di tirẹ̀, kó wá gba kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì kó wọlé kí oṣù náà tó parí, wọn yóò gbé ilé náà fún ẹlòmíràn. Ó sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ wo ọ̀nà.

Kò sí ọ̀nà. Láti títì ńlá tí àwọn lọ́rì iléeṣẹ́ ń gbà dé ẹnu ilé àkọ́kọ́, àbàtà ni, ó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù méjì. Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ ọ̀nà náà ti gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi katakata kan sílẹ̀, koríko ti hù nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kó ẹrù, awakọ̀ lọ́rì sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹrẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Tíṣà, mo lè gbé ẹrù yín dé Kánò. Ibí yìí nìkan ni mi ò lè dé."

A kó ẹrù padà sí Mafoluku. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ́fíìsì tó ń pín ilé lọ, mo tẹ̀lé e. Ọ̀gá tó dá wa lóhùn kò gbójú sókè.

"Màdáámù, ọ̀nà ń bọ̀."

"Ìgbà wo, sà?"

"Ó ń bọ̀."

"Ọjọ́ tí ẹ dá fún wa ńkọ́? Ṣé òun náà lè dúró de ọ̀nà?"

"Ìyẹn ò lè yí padà. Ó ti wà nínú ìwé."

Ẹ̀gbọ́n mi ń yára rìn títí a fi dé ojú irin ní Òṣòdì. Ibẹ̀ ló dúró.

"Nílé wa, bí odò bá gbé afárá lọ, ṣé ìjọba la máa ń dúró dè?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa. Lọ bá mi wí fún gbogbo ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀wẹ̀ ni, ọjọ́ Sátidé."

Wọ́n wá. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn akọ̀wé tí wọn ò gbá ọkọ́ mú láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nílé ìwé. Èmi náà ru bàsíà títí ọrùn mi fi le. Awakọ̀ típà kan láti ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó wà nítòsí ń da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún wa. Ó kúkú ń lọ dà wọ́n nù ni. Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ fún un.

"Ìrẹsì?" ló wí. "Tíṣà, ọ̀wẹ̀ tí kò ní iyán, iṣẹ́ ọba nìyẹn o."

"Iṣẹ́ ọba náà ni. Ọba ló kọ̀ tí kò ṣe é. Ẹ jẹun, kí ẹ lọ kó òmíràn wá."

Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é. Ní ìkẹta, lọ́rì tó kó bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi gorí àfọ́kù náà, ó ń mì, ó ń ké, kò rì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí.

Oníròyìn ni mí. Mo kọ ọ́. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé. Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé kí a gbọ́ tẹnu gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, torí náà mo wá agbaṣẹ́ṣe náà lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀nà ti ṣeé gbà." Nítorí pé ẹni ńlá ni, mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Mo fi ọ̀wẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ìparí lè dùn. Mo sì mọ̀, bí gbogbo oníròyìn ṣe mọ̀, pé bí ìpolówó ọjà bá já lù wá nírọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti ń gé. Ìpolówó ọṣẹ dé. Wọ́n gé e. Ohun tó jáde láàárọ̀ ni àwòrán lọ́rì lórí ọ̀nà, àti agbaṣẹ́ṣe tó ń sọ pé ọ̀nà ti ṣeé gbà. Orúkọ mi wà lókè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán. "Àwa dà?"

Mo ní wọ́n gé e ni.

"Hùn."

Òjò dé. Àbàtà gbé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wa mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Katakata agbaṣẹ́ṣe ti lọ. Èmi ò rí ẹni tó wá gbé e. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. A padà sí ọ́fíìsì, ọ̀gá kan náà la bá. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbójú sókè. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n fi abẹ gé, ó tẹ́ ẹ síwájú wa.

"Iṣẹ́ ọ̀nà yẹn ti parí, màdáámù. A ti fọwọ́ sí owó agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀rí rẹ̀ rèé. Àbí ìwé ìròyìn ń purọ́ ni?"

Irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ òótọ́, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ jà wá lólè.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ gègé pupa tó fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì. Kí ọ̀gá náà tó mọ̀, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán náà: ÀWA LA ṢE É.

"Màdáámù! Fáìlì ìjọba nìyẹn!"

"Ẹ fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù ni mo bá yín kọ parí."

Kò sẹ́ni tó tún ọ̀nà náà ṣe lọ́dún yẹn, kò sì sẹ́ni tó ṣe é lọ́dún kejì. Mo gbé ìròyìn mìíràn lọ bá olóòtú. Ó ní, "A ti gbé ìròyìn ọ̀nà yẹn jáde." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ gègé pupa yẹn, nígbà tí a ń ti ọ́fíìsì bọ̀, a bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní títì ńlá, a rìn dé etí àbàtà. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó nà án sí mi.

"Gbé e. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ pé ọ̀nà wà."