Ihò Àtàǹpàkò Olúsànmí

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni Olúsànmí ní ọdún 1954.

Ìrágbìjí ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ kòkó ló bá dé Ìdànrè. Ó ṣe lébìrà fún àwọn olóko ní Aládé fún ọdún mẹ́fà, kó tó wọ àárín àwọn tó ń gé gẹdú nínú igbó, lọ́nà Ofosu. Kò ga, kò sanra. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló tóbi. Àáké ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́, ìka náà á yọrí síta bí orí ìjàpá.

Nígbà tó di ọdún kejì tó ti ń gégi, igi kan ta padà, ó gbá a lórúnkún. Ẹsẹ̀ náà san, kò san tán. Tẹ́lẹ̀ rí, ó máa ń gbẹ́rù gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè láìsinmi, á tún máa bá àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn igi yẹn, kò lè dé ìdajì kó má jókòó. Igi tó ń wó kì í dúró de arọ. Olúsànmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wá kò ju iṣẹ́ ìjókòó lọ, kí igi tó pa á.

Iṣẹ́ ọ̀hún wá yọ. Ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, níbi tí wọ́n ń kó àáké àti ayùn sí, fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Èèyàn méjì ni òyìnbó ọ̀gá wọn ń wò. Olúsànmí ni ọ̀kan, ó mọ gbogbo irin tó wà níbẹ̀ bí ẹní mọ ọmọ rẹ̀. Dominic ni èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé dé ìwé mẹ́fà, tí kò sì gbé àáké rí. Òyìnbó rò ó títí, kò rí èyí tó máa mú. Ó ní kí eré pín wọn. Ó ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lòun fẹ́.

Ojú ogun lòyìnbó yẹn ti kọ́ eré náà. Wọ́n to pákó gígùn sílẹ̀, wọ́n gbé igi kéékèèké mẹ́wàá dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Èèyàn á yí bọ́ọ̀lù onígi lọ bì wọ́n ṣubú. Bọ́ọ̀lù náà tó orí ọmọ kékeré, ó sì wúwo. Ihò méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún àtàǹpàkò, ọ̀kan fún ìka àárín. Lọ́sàn-án Sátidé, bí iṣẹ́ bá ti parí, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń wà.

Táíwò káfíńtà ló ń fi igi àpá gbẹ́ bọ́ọ̀lù fún wọn. Kálukú ló ní tirẹ̀, nítorí àtàǹpàkò ò dọ́gba. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ eré náà wà. Bí ihò bá há, ìka ò ní í tètè yọ. Bọ́ọ̀lù á gbé ọwọ́ ròkè, á já lulẹ̀ gbì, á yà bàrá. Bó bá sì gbòòrò, èèyàn á máa fún un mọ́ra kó má baà bọ́. Ẹni tó bá ti ń fún un kò mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀ mọ́. Èyí tó dáa ni èyí tí ìka wọ̀ wẹ́rẹ́, tó kan ara ihò díẹ̀, tí àtàǹpàkò á kọ́kọ́ yọ, tí ìka àárín á tẹ̀ lé e. Olúsànmí máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù tó bá bá ọwọ́ mu, èèyàn kì í jù ú, ńṣe ló ń lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Táíwò fi wọn ìka Olúsànmí, lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí àáké ti mú un wú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbẹ́ ẹ kó tó bá a mu. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń borí Olúsànmí.

Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Ọmọ Aládé ni Táíwò, Aláàdúrà ni. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Àrìnkẹ́ ìyàwó Táíwò á gúnyán, àwọn méjèèjì á jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Nígbà kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ bọ́ọ̀lù Olúsànmí tán, ó yá irin tí Táíwò fi ń gbẹ́ ihò, ó fi kan ìṣó, ẹnu irin náà jẹ díẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Táíwò kàn rẹ́rìn-ín ni.

"Ó ti di irin àwa méjì," ló wí. "Gbogbo ihò tí mo bá gbẹ́ báyìí, àmì rẹ á wà níbẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Ibi tó jẹ yẹn máa ń fi ìlà tín-ín-rín kan sára igi, bí irun.

Láàárọ̀ Sátidé ìdíje, Táíwò wá bá Olúsànmí kó tó lọ síbi igi. Ó ní kó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá, kóun gbàdúrà sí i, kóun sì fi òróró pa á. Olúsànmí kì í ṣe Aláàdúrà. Àmọ́ ṣé èèyàn á ní kí wọ́n má gbàdúrà fóun ni? Ó gbé e fún un, ó lọ.

Ìgbà tó gbà á lọ́sàn-án, òróró ń kán lára rẹ̀. Ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mì ín, ó ń yẹ̀. Ó ní òróró ni. Ó fa etí ẹ̀wù rẹ̀ kó fi nù ún, ó tún fi í sílẹ̀. Ta ni í nu òróró àdúrà dànù, kó tún máa retí ìdáhùn?

Àkọ́kọ́ tó yí, ó fún ìka mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù ò kúrò lọ́wọ́ lásìkò, ó já gbì, ó yà sósì, igi méjì péré ló ṣubú. Dominic bi méje ṣubú. Olúsànmí ní kóun má fún un mọ́. Bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ́yẹlé tó ń fa ayùn pariwo láti ẹ̀yìn, "Bàbá Alátàǹpàkò, ṣé igi lẹ fẹ́ bì ni, àbí ẹsẹ̀ òyìnbó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúsànmí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo ọ̀dọ̀ Táíwò, bí a ti ń wo ẹni ẹni nígbà tí nǹkan ò bá lọ déédéé. Táíwò ń wo ilẹ̀, ó ń ká okùn ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tó fi máa parí, àtàǹpàkò Olúsànmí ti bó. Òyìnbó bọ Dominic lọ́wọ́, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

Olúsànmí gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sábẹ́ igi kan. Ó wá nu òróró náà kúrò. Ihò ìka àárín dúdú, ọwọ́ ti pa á láró. Ihò àtàǹpàkò mọ́ rekete, bí ojú iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó gbé e síbi tí oòrùn wà. Ó rí ìlà tín-ín-rín kan tó yí inú rẹ̀ ká, bí irun.

Ó wo ìlà náà títí. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Táíwò ń fá pákó ní ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tó dé. Olúsànmí gbé bọ́ọ̀lù náà ka iwájú rẹ̀, ó kọ ojú ihò sókè.

"Irin àwa méjì ni," ló wí.

Táíwò ò jiyàn. Ó gbé irin ìfápákó sílẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé Dominic ti wá tọrọ Olúrónkẹ́ àbúrò òun lóṣù tó kọjá, òun sì ti gbà. Ó ní wọ́n bẹ òun pé kóun ran ọmọ wọn lọ́wọ́.

"Èmi ńkọ́?"

"Àna mi ni Dominic. Ọ̀rẹ́ mi ni ìwọ. Bí mo bá ṣẹ ọ̀rẹ́, á dárí jì mí. Bí mo bá ṣẹ àna, kò ní í gbàgbé títí láé."

Olúsànmí ro ìyẹn. Ó rí i pé Táíwò ò purọ́. Ó ti wọn òun wò, bó ṣe ń fi okùn wọn igi, ó rí i pé òun máa gbà á mọ́ra. Ìyẹn ló dùn ún ju sítọ́ọ̀ lọ.

"Àdúrà yẹn," ló wí, "ṣé o gbà á?"

"Mo gbà á."

"Ta lo gbà á fún?"

 Táíwò ń fọwọ́ gbá èérún pákó kúrò lójú tábìlì, níbi tí kò sí èérún pákó mọ́. Olúsànmí fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un. Ó tiro padà sí àgọ́ rẹ̀. Ó yọ àáké rẹ̀ jáde, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà de àárọ̀ Mọ́ńdè.

Àrìnkẹ́ ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó gbé iyán dé bó ti máa ń ṣe, nínú abọ́ ńlá, pẹ̀lú ẹran òkété nínú ọbẹ̀. Ó béèrè bóyá ọkọ òun ti ń bọ̀. Olúsànmí ní rárá. Ó kí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa gbé e padà, inú òun ò fẹ́ iyán. Obìnrin náà wò ó, ó gbé abọ́ rù, ó ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn.

Olúsànmí mú iṣu kan, ó kì í bọ iná. Nítorí àtàǹpàkò tó bó, ọwọ́ òsì ló fi ha èèpo rẹ̀ kúrò. Iṣu sísun ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú epo àti iyọ̀.