Oúnjẹ Tí Wọn Ò Pè Mí Sí ní Ráábà

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Ráábà, kí ojú tó rí ìlú náà rárá. Bí ọkọ̀ bá ti gbé wa sọdá odò Ọya, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí iyanrìn, òórùn náà á ti dé imú: ẹja tí wọ́n sá sórí àtẹ, èéfín igi tí wọ́n fi yan án, àti wàrà kíkan tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn òórùn yẹn. Èmi ò sí nínú wọn. Oko tó wà lẹ́yìn Lálúpọn ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òórùn iṣu sísun ti tó fún èèyàn, mi ò sì rò pé ó yẹ kí oúnjẹ máa pariwo kí wọ́n tó bù ú.

Obì ló gbé mi débẹ̀. Nígbà yẹn, ṣáájú kí ogun Ìjàyè tó dí ọ̀nà, bí a bá ti kó iṣu tán tí ẹ̀ẹ̀rùn sì mú, àwa ọkùnrin abúlé wa a máa ru obì lọ sí òkè, a ó sì ru káún àti òwú àlàárì bọ̀. Ìwọ náà mọ obì, ọ̀rẹ́ mi, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ewé tí a fi dì í bá gbẹ, á sunkì. Bí a bá sì wọ́n omi sí i jù, á jẹrà. Lójoojúmọ́ la ń tú u, tí à ń ṣà á, tí à ń dì í padà. Ẹni tó bá ń ru obì ò ráyè àìsàn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kí a tó kúrò nílé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bá wa lọ. Kò rìn jìnnà rí. Láàárọ̀ tí a fẹ́ gbéra, ìyàwó mi bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Òun nìkan lọkùnrin tí ìyá wa bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un bọ̀." Mo ní mo gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láyé ìgbà yẹn. Bí o bá bá ẹnì kan jáde tí ìwọ nìkan sì padà wálé, kí wọ́n tó kí ọ kú àbọ̀ ni wọ́n á ti máa wojú ara wọn, pé ọjà wo ló tà á sí? Mo ti rí ọkùnrin kan tó fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó kúrò ní abúlé wa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí dòní bóyá ó jẹ̀bi.

Àna mi yìí fẹ́ràn oúnjẹ. Mo rò pé oúnjẹ gan-an ló tìtorí ẹ̀ rìnrìn àjò náà. Ní Ìlọrin, èmi ń wo odi ìlú, mò ń sá fún ẹṣin tí wọ́n ń gùn gba àárín ọjà bí ẹni pé wọn ò rí èèyàn. Òun ti wà nídìí ìyá oní-máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn ará òkè, epo ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó mu fùrá tí wọ́n fi wàrà pò, ó jẹ wàrà díndín, ó jẹ túwó, ìyẹn ọkà bàbà tí wọ́n rò tó le koránkorán, pẹ̀lú ọbẹ̀ lúrú tó ń fà bí ilá tí wọn ò fi ata sí. Èmi ń jẹ ẹ̀kọ gbígbẹ tí mo dì nílé. Mo ní, "Àna mi, ẹ rọra o, ọ̀nà ṣì jìn." Ó ní, "Ìwọ ọkọ àbúrò mi, bó bá jẹ́ pé oúnjẹ ilé lo fẹ́ máa jẹ, o ò bá kúkú jókòó sílé." Gbogbo èrò fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀, n ò ní purọ́.

Àgọ́ àlejò tí a wọ̀ sí ní Ráábà, níbi tí a ti ń dúró de èrò míì tí a ó jọ rìn, ò ju òrùlé koríko lórí òpó lọ. Kò ní ògiri. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé bàbá Tápà kan wà, àgbàlagbà tó ń hun àwọ̀n ẹja. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá yìí a jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwo túwó ńlá níwájú, òun àti ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, gbogbo wọn á máa fọwọ́ bọ àwo kan náà. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ pọnmi. Bó bá ti rí mi, á nàka sí àwo, á ní, "Bísímílà!" Èmi náà á dúró, màá tẹríba, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní, "Á gba ibi ire o, Bàbá," màá sì bá tèmi lọ. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ ṣe kọ́ ọ. Nílé wa, ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń kọjá, ẹni tó ń kọjá náà gbọ́dọ̀ súre fún oúnjẹ kó sì máa lọ. Bó bá jókòó lóòótọ́, wọn ò ní lé e, ṣùgbọ́n kó tó kẹ̀yìn tán, wọ́n á ti sọ ọ́ ní alájẹkì.

Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan dé òmíràn, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Mo ní, ẹ wò mí bí mo ṣe mọ ìwà hù nílẹ̀ onílẹ̀! Àna mi ì bá ti jókòó tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ló máa ń wà ní àsìkò náà, ó ń wá tirẹ̀ jẹ lọ́hùn-ún. Mo kíyè sí i pé bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ na ọwọ́ mọ́ nígbà tó bá ń pè mí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bí eré. Àna mi kọ máásà láàárọ̀ kan. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti yó nìyẹn?" Ó fa aṣọ bo orí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ara rẹ̀ ti gbóná janjan, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn. Olórí èrò wa wá wò ó, ó ní, "Obì ò ní dúró. A ó ru ẹrù yín mọ́ tiwa. Bó bá san, ẹ lé wa bá." Mi ò bínú sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni olórí, ohun tí màá sọ nìyẹn. Wọ́n lọ, ó ku àwa méjèèjì lábẹ́ òrùlé aláìlógiri yẹn. Ọyẹ́ Ráábà kì í ṣe ọyẹ́ tiwa, ọ̀rẹ́ mi. Mo da aṣọ tèmi bò ó, mo dáná sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò jọ nǹkan kan. Ohun tí ìyàwó mi sọ nídìí apẹ̀rẹ̀ ò kúrò létí mi.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá aláwọ̀n. Mi ò gbọ́ Tápà, mo ń nàka sí àgọ́, mo ń nàka sí yàrá rẹ̀, mo ń gbọ̀n kó lè mọ̀ pé òtútù ni. Ó wò mí tààrà, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan, ó sì yíjú padà sí àwọ̀n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde wá bá mi. Ilà ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àbàjà ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ Ilé ni, ogun ló gbé e débẹ̀ láti kékeré.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa ń súre fún túwó wa, tó o sì ń kọjá lọ?"

Mo ní, "Èmi ni, ìyá mi."

"Ọkọ mi ní ẹni tí kò lè fọwọ́ kan àwo òun, kí ló fẹ́ fi yàrá òun ṣe? Ó ní bóyá o rò pé a fi májèlé sí i."

"Háà! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo ti sọ fún un pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó ní irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn, kí ebi máa pa èèyàn, kó sì máa súre fún oúnjẹ." Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Wá jẹun nírọ̀lẹ́. Kò ní pè ọ́ mọ́ o. Jókòó fúnra rẹ."

Ìwọ lè máa rẹ́rìn-ín níbi tó o wà yẹn. Ṣùgbọ́n rò ó wò ná: kí o lọ jókòó sídìí àwo ẹni tí kò pè ọ́, lójú gbogbo ayé, kí o sì na ọwọ́! Mo ti ru ẹrù gba inú igbó tí àwọn ajínigbé ń lúgọ sí, àyà mi ò já tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo dé ẹnu ọ̀nà náà, mo dúró. Wọ́n ń jẹun. Kò sẹ́ni tó wò mí. Mo fẹ́ padà, Ọlọ́run gbọ́. Àna mi hú ikọ́ lábẹ́ àgọ́, mo bá jókòó.

Mo fọ ọwọ́ nínú igbá omi wọn, mo bu òkèlè. Ojú ń tì mí débi pé mi ò mọ bó ṣe tóbi tó. Ọbẹ̀ lúrú fà tẹ̀ lé ọwọ́ mi dé orí itan, òórùn ẹja tí mo kórìíra yẹn sì kún imú mi. Mo gbé e mì. Mo bu òmíràn. Bàbá ń jẹ tirẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó mú orí ẹja tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé e síwájú mi, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo jẹ ẹ́. Kí n má purọ́ fún ọ, ó dùn. Ebi ló ti ń pa mí láti ìgbà tí a ti dé ìlú yẹn, èmi ni mi ò gbà. Nígbà tí àwo ṣófo, bàbá ṣanwọ́, ó dìde, ó gba àgọ́ lọ fúnra rẹ̀, òun àti àwọn tó bá a jẹun sì gbé àna mi wọlé.

Yàrá náà móoru. Ìyá yẹn ń se kúnú jéró, ẹ̀kọ mímu tiwọn, pẹ̀lú atalẹ̀, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ rẹ̀. Èmi ń bá wọn jẹ túwó ní ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó tún ń pè mí, mo kàn ń jókòó ni. Ara àna mi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó béèrè máásà, inú gbogbo ilé dùn, ìyá lọ rà á wá ní gbígbóná. Ó jẹ ọ̀kan tán, ó jẹ díẹ̀ nínú èkejì, ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju ará Ìlọrin lọ." Mo rò pé a ti bọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pè é, kò jẹ́ mi.

Bàbá ló wẹ̀ ẹ́, ló kírun sí i lára, nítorí pé àna mi ń kírun. Ìyá yẹn ti gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́, ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n á béèrè. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu rẹ nìkan dá wọn lóhùn." Ó ti pẹ́ tó ti kúrò láàárín wa, kò gbàgbé bí a ṣe rí.

Wọ́n béèrè lóòótọ́. Àwọn àgbà ilé ìyàwó mi pè mí jókòó, wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ mi wò síwá sẹ́yìn, títí mo fi tú aṣọ funfun náà sórí ẹní tí ìyá ìyàwó mi sì fọwọ́ kan irun ọmọ rẹ̀. Ilé dàrú. Ìyàwó mi ò dá sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó ku àwa méjèèjì, tí mo ń retí kó bi mí léèrè ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ohun tó bi mí ni pé, "Ó jẹun?"

Mo ní, "Ó jẹun. Ó jẹ máásà. Ó ní wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju ará Ìlọrin lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rín náà ò dáwọ́ dúró, àfi ìgbà tó di ẹkún.

Mi ò mú un bọ̀, kò sì sí ohun tó lè yí ìyẹn padà. Mo ti dàgbà, wọ́n a máa ní kí n ròyìn Ráábà, bí odò ṣe fẹ̀ tó, bí ọjà ṣe kún tó. Mo ń ròyìn rẹ̀. Mo ṣì ń sọ pé "Á gba ibi ire" bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà ará ilé wa kọjá, nítorí àṣà wa ni, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ pé mo padà sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, orúkọ rere mi ò ní bà jẹ́ rárá ní Ráábà tàbí nílé, ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní alájẹkì, ìyàwó mi á sì bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n òun jẹun, èmi á sì dákẹ́.