Fìlà Tí Mo Dé Lọ Ra Ìwé

Iléèwé kéú nìkan ni bàbá mi lọ. Kò lè ka ìwé Yorùbá, síbẹ̀ òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra ìwé, inú sì bí mi gan-an lọ́jọ́ tó kọ́ mi.

Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ kí kíláàsì mi ka ìwé ìtàn kan. Obìnrin kan ń ta ojúlówó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ṣoṣo tó kù ládùúgbò wa. Nígbà tó pe iye rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mò ń bọ̀." Ọjà Òkèhò ni mo gbà lọ. Ọkùnrin kan tẹ́ ayédèrú ìwé náà sórí àpò sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Mo ra ogún, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú mọ́tò títí mo fi délé.

Ìdí òfì tó fi ń hun aṣọ ni mo ti bá bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Aṣọ ẹ̀rọ ti gba ọjà, wọ́n ń da àrà tó ń hun kọ, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ó ti ń sọ pé òun máa tú òfì náà palẹ̀, òfì tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Mo na ìwé kan sí i. "Bàbá, ẹ wo ọjà tí mo rà."

Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ewé rẹ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe fún aṣọ. Ó fà á létí díẹ̀, ewé méjì já sọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Èló ló kàn án nínú owó tó o san?"

Inú bí mi. "Bàbá, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò lówó ojúlówó. Ṣé kí wọ́n má kàwé ni?"

"Òótọ́ lo sọ." Ó gbójú sókè wo orí mi. "Fìlà tó o dé yẹn ńkọ́? Ṣé ó wọ́n?"

"Kò wọ́n, Bàbá."

"Mo mọ̀. Àrà mi ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló hun ún. Láti ọjọ́ Iléyá tó o ti kọ́kọ́ dé e ni mo ti mọ̀."

Èmi ọmọ ahunṣọ, mi ò dá àrà bàbá mi mọ̀ lórí ara mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń dé fìlà yẹn jókòó níwájú rẹ̀, tí mò ń bá a kẹ́dùn pé ọjà ò tà. Mo ṣí i, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi sí.

Ogún ìwé yẹn náà la kà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọmọ mẹ́ta ló ń pín ojúlówó ìwé kan, ọ̀dọ̀ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn la sì ti rà á.

Mo ní kí bàbá mi hun fìlà mìíràn fún mi. Ó pè é lówó gọbọi bíi pé kì í ṣe òun ló bí mi. Èmi tí mo máa ń ná ọjà títí ọ̀rọ̀ mi á fi sú ọlọ́jà, mi ò ná an. Mo san án, mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń ta òwú padà sórí òfì.