Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ọlọ́rundáre Gbé Fún Àlejò

Bẹ́ ẹ bá rí Ọlọ́rundáre lọ́jọ́ Ìsinmi ní Araròmí-Obu, tó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, tó jókòó ṣánṣán sórí bẹ́ǹṣì iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ní ọkùnrin yìí kò tíì fojú kan ìyà rí. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun ni. Ohun tẹ́ ẹ ò ní rí ni pé ìyàwó rẹ̀ ló wọ ṣòkòtò náà fún un, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, pé wọ́n ti kúrò nílé kí ojú ọ̀nà tó kún, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí bó ṣe ń di ògiri mú lọ, àti pé kò ní dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn títí gbogbo ìjọ yóò fi tú ká. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, àmọ́ oko nìkan ò gbọ́ bùkátà, ló bá gbaṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ gẹdú kan lẹ́bàá Òrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọ̀pá irin yí igi sọ̀kalẹ̀ látorí ọkọ̀ ńlá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọwọ́ Ọlọ́rundáre bá ti kan gẹdú, gẹdú á ti mọ̀ pé òun ti délé. Lẹ́yìn náà ni Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, tó fún gbogbo ìlú lọ́rùn, tí mílíìkì di ohun tí à ń fojú rí lórí àtẹ, tí àwọn sójà sì ń sọ lórí rédíò pé ká túbọ̀ ní sùúrù. Ilé-iṣẹ́ lé ìdajì òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n ní kí ẹni kan máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de igi ti já lọ́jọ́ kan. Gẹdú yí lu Ọlọ́rundáre, ó há a mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fọ́ egungun ìbàdí rẹ̀.

Nígbà tó kúrò lọ́síbítù, ó lè rìn díẹ̀díẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kò lè gbé garawa omi, bó bá sì jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ fà á dìde. Òfin ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá di aláàbọ̀ ara níbi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò kọ̀, kìkì pé dókítà àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wò ó nílé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ìwà ọmọlúàbí ló sì bà á jẹ́.

Dókítà Adébọ́lá gun Pijó wá láti Èkó. Ọ̀nà Araròmí-Obu ò láàánú, ẹrẹ̀ ti bo ọkọ̀ náà dé fèrèsé. Ṣé irú àlejò bẹ́ẹ̀ lèèyàn yóò máa sunkún sí lọ́rùn? Inúmidùn, ìyàwó Ọlọ́rundáre, ti pa adìyẹ. Ọlọ́rundáre ti wọ funfun rẹ̀.

“Bàbá, báwo ni ara?”

“Ara le, dókítà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?”

“Ọlọ́run ń bá wa ṣe é. Ẹ jẹun, oúnjẹ ń tutù.”

Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá béèrè àlàáfíà ẹni, ọpẹ́ la fi ń dá a lóhùn. Onígbàgbọ́ tún ni, pásítọ̀ wọn sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní aláìsàn, Èṣù ń gbọ́. Dókítà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọlọ́rundáre di eyín mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí àlejò ní òun ń lọ, Inúmidùn wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́. Ọlọ́rundáre fọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó fi gbogbo agbára dìde. Odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún dókítà. Ta ni yóò wá jẹ́ kí àlejò gbé ẹrù ara rẹ̀? Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó gbé e dé ìdí Pijó, ó gbé e sínú búùtù, ó sì ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi wọ inú igbó lọ. Nígbà tí Inúmidùn jáde, ilẹ̀ ló ti bá a, tó dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí ṣòkòtò funfun náà ti tutù. Ó tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bò ó.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Ta ni n ó sọ fún, Bàbá Jésùtọ́pẹ́?”

Èsì ilé-iṣẹ́ ò gùn. Wọ́n ní dókítà bá ọkùnrin náà nílé, ó ní ara òun le, ó sì gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lójú dókítà. Ẹni tó lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè ṣiṣẹ́, kò sí owó gbà-má-bínú kankan fún un. Akọ̀wé ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ké lọ bá, náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inúmidùn gba gbogbo iṣẹ́ ilé àti toko. Ó ń fi orí ru ẹ̀gẹ́ láti oko dé etí títì, ó ń fún epo, ó ń ná ọjà Agbabu, Òdígbó àti Òrè, bó bá sì délé, á bomi gbígbóná, á wẹ ọkọ rẹ̀. Bó ti wù kí ó rí, kì í wọlé láìkọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé níta, kí ó sì mú ojú rẹ̀ dán. Ọlọ́rundáre rò pé obìnrin náà lágbára ni. Àwọn ọkùnrin a máa ro irú èrò bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún wọn.

Tíṣà Olúwakáyọ̀dé, tí ìjọba gbé wá láti Ìwó, ló gbé ẹjọ́ náà dìde. Owó oṣù rẹ̀ kì í tètè wọlé, nítorí náà ó ráyè dáadáa fún ìjà ẹlòmíì. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,” ló wí. Òun ló bá wọn kọ̀wé sí kóòtù Òrè pé kí adájọ́ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó ń sọ kiri pé ó le kú, ìjà Òrè ni èyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, nínú ọkọ̀, Ọlọ́rundáre rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, má tú mi síta.”

“Mo gbọ́,” ni Inúmidùn fèsì.

Kóòtù náà súnmọ́ títì débi pé à ń gbọ́ àwọn tó ń pe èrò Benin àti èrò Èkó. Adájọ́ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò ojú, àwòrán olórí ìjọba tó wọ aṣọ sójà sì wà lókè orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé ibi iṣẹ́ ni gẹdú ti fọ́ ọkùnrin náà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, àmọ́ lọ́yà ilé-iṣẹ́ pọ́n àdá sí tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Dókítà Adébọ́lá ní òótọ́ ni, òun àti ìdílé òun jẹ ẹ́ pẹ́.

Wọ́n pe Inúmidùn. Adájọ́ pa Gẹ̀ẹ́sì tì, ó bá a sọ Yorùbá.

“Ìyá, kí ni ọkọ yín ò lè ṣe mọ́ nílé?”

Inúmidùn wo ọkọ rẹ̀. “Ọkọ mi ń ṣe dáadáa sí mi.”

“Èyí kọ́ ni mo bi yín, Ìyá.”

“Ohun tó kù, àṣírí ọkọ mi ni. Òun ló ni ín. N ò lè tà á nítorí owó.”

Tíṣà ká ọwọ́ lérí. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún aṣọ dúdú rẹ̀ ṣe. Adájọ́ ní bí kò bá sí ẹlòmíì tó ní ohun tí yóò sọ, ohun tí dókítà kọ lòun yóò tẹ̀ lé, ẹjọ́ á sì parí síbẹ̀.

Ọlọ́rundáre ń wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti fi ara ti igi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi èkejì. Gèlè rẹ̀ ti sún sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Ní àárín orí rẹ̀, níbi tí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ń jókòó sí, kò sí irun mọ́. Awọ orí lásán ló kù níbẹ̀, ó ń dán. Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é. Obìnrin yìí ti ru gbogbo nǹkan, ó sì tún ṣe tán láti ru èyí náà lọ sílé, kí ojú má bàa ti òun ọkọ rẹ̀.

“Olúwa mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.”

Ọlọ́pàá àti Tíṣà fà á dìde.

“Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn,” ló wí. “N ò ní purọ́. Àmọ́ dókítà ò bojú wẹ̀yìn. Ká ní ó bojú wẹ̀yìn ni, ì bá rí mi nílẹ̀. Mo tọ̀ sára. Ìyàwó mi ló tú ìró rẹ̀ fi bò mí.” Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára Inúmidùn. “Òun ló ń wẹ̀ mí. Òun ló ń wọ ṣòkòtò fún mi. Bí mo bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, òun ló ń dì mí mú. Èmi tí mò ń yí gẹdú, bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, àfi kí n pe èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá kí mi ni mo ń dá lóhùn pé ara le. Irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.”

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó yíjú sí Adébọ́lá.

“Dókítà, ìyá yín wà láyé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi.”

“Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ṣé ara le, kí ni wọ́n máa ń sọ?”

Dókítà wo ilẹ̀. “Wọ́n á ní àwọn dúpẹ́.”

“Ṣé ẹ máa ń gbà á bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ?”

“Rárá, Olúwa mi. Mo máa ń tún bi wọ́n.”

“Ẹ ò tún bi Bàbá yìí.”

Ó kọ̀wé díẹ̀, ó sì dá ẹjọ́. Ó fagi lé ohun tí akọ̀wé ìjọba sọ, ó ní kí ilé-iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú náà pé, láti ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n igi ti já. Tíṣà fò sókè, ọlọ́pàá ní kó jókòó.

Ní gáréèjì, wọ́n fi Ọlọ́rundáre jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ìbòòji, Tíṣà sì lọ wá ọkọ̀. Inúmidùn dúró tì í, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

“Fi í sílẹ̀,” ni Ọlọ́rundáre wí. “Wá jókòó.”

“Mo lè dúró, kò sí nǹkan kan.”

“Inúmidùn, jókòó.”

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló fi èdè Ìkálẹ̀ tí wọ́n jọ ń sọ nígbà èwe wọn sọ ọ́ pé ó rẹ òun, ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ òun, ọrùn ń dun òun, òun ò kàn rí ẹni tí òun máa sọ fún ni. Bó ti sọ ọ́ tán ló bú sẹ́kún, láàárín gáréèjì Òrè, lójú awakọ̀ àti èrò.

Ọlọ́rundáre kò sọ pé kó dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e lọ́rùn, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń dùn ún.

“Pẹ̀lẹ́,” ló wí. Láti ọjọ́ tí gẹdú ti yí lù ú, òun ni gbogbo ayé ń kí ní pẹ̀lẹ́, kò sì tíì kí ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.