Bí Mo Ṣe Fẹ́ Di Àbúrò Ìdòwú

Kí ojúmọ́ tó mọ́ ni mo ti jáde nílé tí àwa agbábọ́ọ̀lù obìnrin ń gbé ní Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé oorun àárọ̀ kì í ṣe ọ̀tá mi, àyàfi tí nǹkan bá le. Nǹkan le lóòótọ́. Irọ́ ni mo ń gbé lọ sílé, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, ṣùgbọ́n nínú ìwé bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Kóòṣì tó kọ́kọ́ mú mi ló gé ọdún mẹ́ta kúrò nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Kì í ṣe èmi nìkan ló gé e fún. Àwa tí a wà nídìí ẹ̀ ní orúkọ fún un, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù la ń pè é, a sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ara wa.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ ẹ̀fẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ kan lókè òkun ní àwọn fẹ́ mi. Wọ́n ti wo fídíò mi, bí mo ṣe ń gbá ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì wù wọ́n, wọ́n sì ní ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta wà ńlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi wá irú ẹ̀, lórí pápá oníyanrìn, pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n ti rán lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní páásípọ́ọ̀tù, ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni wọ́n sì fi ń gbà á. Ìyá wa ti kú. Bàbá mi nìkan ló kù tó lè búra.

Ẹ̀jẹ́ǹtì mi, ọkùnrin tó ń bá mi wá ẹgbẹ́, ti sọ ọ́ fún mi ṣàkó. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni kí bàbá ẹ búra. Tí wọ́n bá gbọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú. Kẹ́nì tó wà nínú ìwé bọ́ọ̀lù náà sì ni kóo máa jẹ́ lọ. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Kẹ́hìndé rárá." Mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ Kẹ́hìndé á bèèrè Táyé, Táyé tèmi kò sì gé ọjọ́ kan péré kúrò nínú ọjọ́ orí tiẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Adó. Láti Adó sí Ọ̀yẹ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà. Dírẹ́bà dúró ní Ìfàkì kó lè ra epo, èmi náà ra iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa ní igba náírà. Ìyá tó tà á fún mi ní, "Ṣé ulé lò ń lọ?" Ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ilé là ń pè ní ulé, iṣẹ́ sì ni uṣẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń fi u bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ọbẹ̀ Ìdòwú àbúrò mi.

Ní Ọ̀yẹ́, Táyé ti ń dúró dè mí pẹ̀lú Máíkírà tó fi ń kérò. Ó ti kó èrò mẹ́ta, ó wá fi mí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Kò tíì ṣíná tó fi bẹ̀rẹ̀ ariwo: "Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi o! Kẹ́hìndé mi nìyí, ẹni tó rán mi wáyé!" Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, Táyé ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé sì ni àgbà. Obìnrin kan lẹ́yìn pariwo, "Ẹ̀jìrẹ́!" Ó yọ igba náírà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ń ṣàdúrà.

Mo rọra sọ fún un pé, "Táyé, rẹ ohùn ẹ sílẹ̀."

Ó ṣíná, ó wakọ̀ títí èrò fi bọ́ sílẹ̀ ní Ayégbajú, ìlú wa. Ìgbà yẹn ni mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó pa ẹ́ńjìnnì níwájú ilé wa, ó sì ń wo sítíárìn.

"Nínú ìwé yẹn," ó ní, "ta ni mo bá wáyé?"

Mo kàn gbé báàgì mi, mo wọlé.

Bàbá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa iṣu, ó ń ya èyí tó máa gbìn sọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ọmọ mi, kú àbọ̀ sí ulé," ó ní. Ìdòwú, àbúrò wa tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì, ti gún iyán, ó sì fi ìsápá se ọbẹ̀ sí i. Ní Àkúrẹ́, ìrẹsì ni wọ́n ń fún wa lójoojúmọ́ bí ẹyẹ. Mo jẹun tán kí n tó sọ ohun tí mo bá wá.

Ìdòwú ló kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀. "Dúró ná. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìwọ, mẹ́tàlélógún." Ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Àbúrò mi ni ẹ́! Kúnlẹ̀ kóo kí mi dáadáa, kóo sì lọ fọ abọ́!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Táyé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé orí ẹ̀ ni uṣẹ́ náà dúró lé?"

"Orí ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Màá búra."

Kí ẹ lè mọ ohun tí mo gbọ́ yìí: wádìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni bàbá mi. Nígbà kan tí wọ́n ní kó wá búra lórí ààlà oko, ó ní ebè kan péré ni kò dá òun lójú, ó sì fi gbogbo ìlà náà sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ọkùnrin yìí ló ní òun á búra irọ́ nítorí mi. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́, torí mo fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Táyé gbé wa padà sí Ọ̀yẹ́. Bàbá wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìkórè. Gbogbo ọ̀nà ló ń kọ́ irọ́ náà bí ọmọdé tó ń kọ́ katikísìmù. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Kẹ́nì. Òun nìkan." Tó bá dé ibì kan, á gbàgbé, á bi mí, màá tún un sọ fún un. Ọkọ̀ ń kó sí kòtò, Táyé kò yà fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò kí àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń fọn fèrè sí i.

Ní kọ́ọ̀tù, akọ̀wé kan, obìnrin àgbàlagbà, ń fi pépà fẹ́ ara rẹ̀. Ó wo èmi, ó wo Táyé tó dúró lẹ́yìn wa.

"Ẹ̀yin méjèèjì jọra gan-an o. Ṣé ìbejì ni, Bàbá?"

"Rárá," Bàbá mi ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Òun nìkan ni mo bí lọ́jọ́ náà."

Táyé yí padà, ó jáde.

Akọ̀wé sún Bíbélì síwájú. "Ẹ gbọ́wọ́ lé e, kẹ́ ẹ tún un sọ, kí n kọ ọ́." Bàbá mi gbọ́wọ́ lé e. Ọwọ́ tó fi ń kọ ebè láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ojú tì mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ìbá là kí n wọ inú ẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú, mo gbé e kúrò lórí Bíbélì.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má kọ ọ́. Ìbejì ni wá. Táyé mi ló jáde yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, torí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe fẹ́ dín in kù."

Ó gbé gíláàsì ẹ̀ sókè. "Mo ti gbọ́ nípa agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ dín ọdún kù. Mi ò tíì rí èyí tó ní ká dá a padà."

Bàbá mi wò mí. "Uṣẹ́ náà ńkọ́?"

"Ẹ búra, Bàbá. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ fi búra."

Ó búra lóhùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà níta gbọ́ ọ. Nígbà tí mo jáde, Táyé jókòó sínú ọkọ̀, kò wojú mi. Mo na ìwé náà sí i láti ojú fèrèsé. Ó kà á, ó tún un kà, ó dá a padà fún mi.

"Wọlé, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Èrò ń dúró."

Táyé fi mí sínú ọkọ̀ Adó, ó sì gbé Bàbá padà sílé. Ìdòwú pè mí lórí fóònù, ó ń ráhùn pé ọjọ́ kan péré lòun fi jẹ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ́ǹtì náà pè kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ìfàkì, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó bú mi tìyátìyá, ó ní mo ti fọwọ́ ara mi ba ayé mi jẹ́, kí n má pe òun mọ́. Mo sunkún láti Ìfàkì dé Adó. Nígbà tí mo dé Adó, mo nu ojú, mo fi fóònù ya fọ́tò ìwé náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí kóòṣì òkè òkun fúnra mi, pẹ̀lú àlàyé ohun tí mo ṣe láti sẹ́kọ́ńdírì wá. Mo wọ Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wà lórí pápá.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí èsì tó dé. Wọ́n ní inú àwọn kò dùn sí irọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò lè fún mi ní ọdún mẹ́ta mọ́, ọdún kan làwọn lè fún mi, kí n wá fi ẹsẹ̀ mi hàn wọ́n. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: ohun tí mo bá fẹ́ ní ayé yìí, èmi ni kí n san án, kì í ṣe kí n fi ọwọ́ bàbá mi san án. Ọdún kan yẹn, màá gbá a bí ẹni tí kò ní òmíràn. Ẹni tó bá sì bi mí níbẹ̀ pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, màá ti dá a lóhùn kó tó pa ẹnu dé.